Ẹgbẹ̀ta Igi Kòkó

Láti Ṣakí ni Àmúsà ti wá dáko sí Ajue. Bàbá Elisha, onílẹ̀, gé apá kan igbó rẹ̀ fún un: kó gbin kòkó sí i, tó bá so, kí wọ́n jọ pín oko náà sí méjì.

Àmúsà ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jọ ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, ó bu amọ̀ etí odò kún wọn, ó sì gbin hóró kòkó sí i. Bàbá Elisha mú ọ̀kan, ó yí i wò.

"Èyí kúrú, Àmúsà. Ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò kòkó máa ń wá lọ. Ra ọ̀rá gígùn, kí o dá a lu nídìí, kí o bu ilẹ̀dú abẹ́ igi sí i. Amọ̀ yìí á dì mọ́ ọn lára."

"Òjò ti dé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n lo èyí tó wà nílẹ̀."

Kòkó náà hù dáadáa. Ẹgbẹ̀ta ló lọ́ lọ gbìn sóko.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ùmmúkùlsùm, ìyàwó rẹ̀, gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sódò. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀.

"Sinmi," Àmúsà sọ fún un.

"Bí wọ́n bá kú, ibo la fẹ́ gbà?"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi pọnmi. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó sọ kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó fọwọ́ dikùn mú. Ọ̀kadà gbé wọn gba inú igbó lọ sí ọsibítù. Wọn ò tíì dé ibẹ̀ tí oyún fi wálẹ̀. Ọkùnrin ni. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì fi aṣọ wé e, ó sì gbé e lé Àmúsà lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tó sin ín tán, ó lọ sóko. Ó fa kòkó kan, ọwọ́ kan ló fi fà á tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ká bí ìrù alágẹmọ. Amọ̀ ọjọ́sí ṣì wà lára rẹ̀, ó gbẹ gbagidi. Omi tí wọ́n ń bù sí i kò wọ inú rẹ̀ rí. Ó fa ogún. Bákan náà ni gbogbo wọn. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín wọn.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé láti ọsibítù, ó béèrè pé, "Àwọn kòkó ńkọ́? Ṣé wọ́n yè?"

Àmúsà ì bá purọ́, àmọ́ òótọ́ ló sọ. "Rárá. Ọ̀rá ló kúrú, amọ̀ sì ni mo bù sí i. Bàbá kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́."

Ùmmúkùlsùm ní, "Omi tí mo pọn ńkọ́?"



Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá Elisha fi ilẹ̀ náà fún ẹni tó fẹ́ gbin ọ̀pẹ. Ùmmúkùlsùm wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ṣakí, kò dá ìgbà tó máa padà. Àmúsà gba ilẹ̀ kékeré kan ní Araromi-Obu. Ọ̀rá gígùn ló ń lò níbẹ̀ báyìí, ilẹ̀dú ló sì ń bù sínú rẹ̀. Ó máa ń pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà míì, ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé ìpè náà.