Ẹ Fi Mí Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ojo tó ń ṣe bí akin, tún já wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n kẹ́rù mi kúrò nílé bàbá òun. Bó ṣe máa ń ṣe, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó dúró kí wọ́n dì í mú. Àwọn ọmọṣẹ́ mi sì rọ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kójú ẹ̀ rí màbo."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná sókè. "Ẹ fi bọ̀ọ̀dá sílẹ̀. Ẹ máa bọ̀, sà."

Wọ́n fi í sílẹ̀. Kò gbẹ́sẹ̀. Ó yíjú sí wọn, ó rọra ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń làjà?"