Ọ̀sẹ̀ Tí Kò Gbọ́dọ̀ Lo Oògùn

Àbúrò wa tó kéré jù ló sọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìyá Ẹ̀fọn, torí pé lóṣooṣù ló máa ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ àbúrò wa: lónìí, ara á ro ó débi tí a ó máa bẹ Ọlọ́run kí ilẹ̀ ṣáà mọ́, lọ́la, á tún máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe kàwé títí irun rẹ̀ fi funfun. Ó ń wá bí wọ́n ṣe lè gba mùdùnmúdùn inú eegun aláìsàn, kí wọ́n tún jíìnì, ìyẹn àbùdá ìran, tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ ṣe, kí wọ́n sì dá a padà sára ẹni tó ni ín. Yàrá ìwádìí rẹ̀ kò tóbi ju ilé ìdáná wa lọ. Fìríìjì ló kún ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àbúrò wa ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn méjèèjì tún ní àdéhùn kan tí Màmá kò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí àbúrò wa lára nílé ìwòsàn láti fi gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró máa ń kó irin inú ẹ̀jẹ̀ jọ sínú ẹ̀dọ̀, ó sì ní oògùn tó gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́ kí irin náà lè jáde. Àmọ́ oògùn yẹn ń ba àyẹ̀wò ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Ó wá ní kó máa fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó wá fún òun lẹ́jẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún.

Ìwádìí náà wá yọrí, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba ìwòsàn. Ta la tún ń wá, bí kò ṣe àbúrò wa? Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú ilé. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ, mo rán aṣọ tuntun fún un. Ṣùgbọ́n oògùn líle kan wà tí wọn yóò kọ́kọ́ fi fọ mùdùnmúdùn àtijọ́ kúrò, pípa ló sì máa pa ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò bá le. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló kọ ìyẹn sínú òfin ìtọ́jú náà.

Dókítà tó ń wo ẹ̀dọ̀ pe gbogbo wa. Ó ní irin ti ba ẹ̀dọ̀ àbúrò wa jẹ́, kò lè gba ìwòsàn náà mọ́, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì lè pẹ́ báyìí. Ó bi í bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé.

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

“Mo máa ń gbàgbé ni, dókítà,” ni àbúrò wa wí.

Màmá sunkún, ó sì bú u títí a fi délé. Ó ní àfọwọ́fà ni. Pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ìwòsàn, òun kò lè rántí oògùn. Inú ń bí mi, ẹnu sì ń yún mi. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Àbúrò wa di ọwọ́ mi mú nínú ọkọ̀, ó rọra sọ fún mi pé bí mo bá tú àṣírí náà, ọmọ méjì ni Màmá máa pàdánù.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ àtifa ẹ̀jẹ̀. Mo tẹ̀ lé àbúrò wa lọ sí yàrá ìwádìí. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti wú, ó ní òun máa lọ jẹ́wọ́ fún Màmá. Àbúrò wa ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé apá lé tábìlì.

“Ìyá Ẹ̀fọn, ẹ fà á. Ẹ máa nílò rẹ̀ fún ẹni tó kàn,” ó ní. “Mo ti fi oògùn sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí ẹ ṣe ní kí n máa ṣe.”



Àbúrò wa kú kí ọdún tó yí. Ọmọbìnrin kan tí a kò mọ̀ rí ló kọ́kọ́ gba ìwòsàn náà, ó ti ń sáré kiri nílé ẹ̀kọ́ báyìí. Bí àlejò bá wá kí wa, Màmá á gbé àwòrán àbúrò wa jáde, á ní ìgbàgbé ló pa á. Á wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, pé kí ẹni tó kàwé bá òun ṣàlàyé.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá,” ni ẹ̀gbọ́n mi á wí. “Ó máa ń gbàgbé.”