Aṣọ Pupa Orí Ìlà Akọ

Ìka mi ni mo rò, n kò ro ìlà akọ. Ewé àgbàdo ló gé mi, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, mo bá tú aṣọ pupa orí òpó, mo fi dì í. Mo ní tó bá dọ̀la, mà á so òmíràn.

Oko irúgbìn la ti ń ṣiṣẹ́. Ìlà mẹ́rin jẹ́ abo, ìlà kan jẹ́ akọ. A máa ń fa ìrùkẹ̀rẹ̀ òdòdó orí abo tu, kó má baà gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀, kó lè jẹ́ ti akọ nìkan ni yóò bọ́ sórí irun rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ tó lágbára ju ìyá àti bàbá lọ ti ń wá. Mo ti kìlọ̀ fún àbúrò mi, ẹni ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́: "Òpó tó bá wọ aṣọ pupa, má fọwọ́ kan ìlà rẹ̀ o."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó wẹ màmá wa tán, àbúrò mi ti ṣáájú mi dóko. Kò rí aṣọ. Ó fa gbogbo ìrùkẹ̀rẹ̀ ìlà akọ tu.

Ojú-Àwòdì, alábòójútó wa, dúró lórí ìlà. "Ìyàwó mẹ́rin jókòó, ẹ wá fá ọkọ lórí kodoro! Ta ló ṣiṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni, ọ̀gá," àbúrò mi dáhùn. "N kò rí aṣọ lórí òpó."

"Irọ́! Ta ló máa jí àkísà?"

Mo ti ọwọ́ bọ àpò. Aṣọ náà ti lẹ̀ mọ́ egbò, kò ṣeé já. Ẹlẹ́dàá mi, tú mi sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ni yàrá wa; ẹni tí wọ́n bá lé, ọjọ́ náà ló ń kẹ́rù jáde, bẹ́ẹ̀ màmá kò lè dá dìde lórí ibùsùn. Àgbàdo lọ sóko níhòhò, ó padà pẹ̀lú igba aṣọ. Àkísà kan ṣoṣo ni tèmi, kò sì bo àṣírí.

Mo la ẹnu. Àbúrò mi wo àpò mi, ẹ̀jẹ̀ ti hàn níta. Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ yín ni wọ́n fi gba yàrá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó wá gbóhùn sókè: "Mo ṣàṣìṣe ni, ọ̀gá. N kò fara balẹ̀ wò ó."

Ó ṣí fìlà iṣẹ́, ó gbé e sílẹ̀, ó lọ. Géètì ró gbàmù.

Ojú-Àwòdì yọ aṣọ pupa tuntun, ó nà án sí mi. "Ìwọ tó mọṣẹ́, so ó mọ́ òpó, kí n rí i."

Mo fi ọwọ́ òsì gbà á. Ọwọ́ kan kì í ta kókó. Ó dúró, ó ń wò mí. Ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì wà nínú àpò.