Ọjọ́ Tí Abẹ Kò Kan Orí Jùmọ̀kẹ́

Irun Àtọ́kẹ́, ìyá Jùmọ̀kẹ́, máa ń kan èjìká nígbà tó bá tú u. Ní Ìjan-Èkìtì tí wọ́n ń gbé nígbà náà, ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ irun. Àtọ́kẹ́ á jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Jùmọ̀kẹ́ á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á máa fi òróró àgbọn pa á lórí. Bàbá á ti oko dé, á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé irun la máa jẹ lálẹ́ yìí ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Bàbá kú lójijì. Àwọn obìnrin ẹbí rẹ̀ fá orí Àtọ́kẹ́ kodoro, wọ́n ní kó máa sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Irun náà hù padà, ṣùgbọ́n Àtọ́kẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án mọ́ títí tó fi kú.

Jùmọ̀kẹ́ dàgbà, ó lọ́kọ sí Òkè-Ìlá ní Adó. Lọ́dún tó kọjá, Káyọ̀dé ọkọ rẹ̀ náà kú. Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ín, Ìyá Ìbítóyè, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, wọlé pẹ̀lú abẹ àti omi nínú igbá.

"Jókòó, ìyàwó wa. Àṣà ilé yìí ni."

Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mò ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ má fá orí mi. Òfin ìpínlẹ̀ wa kò gbà kí wọ́n fi tipá ṣe é fún opó mọ́."

"Òfin wo? Ta ló sọ fún ọ?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló wá sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èdè Èkìtì ni wọ́n fi ṣàlàyé ẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá ṣe é lè dé kóòtù."

Bàbá Adéyẹyè, olórí ẹbí, tó jókòó nítòsí, wúkọ́. "Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Káyọ̀dé kò ní torí irun jí."

Ìyá Ìbítóyè gbé igbá rẹ̀, ó jáde láìdágbére. Ẹkún gba Jùmọ̀kẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń rò. Ká ní ẹnìkan ṣoṣo ti sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìjan lọ́jọ́ tí wọ́n fá orí ìyá òun!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Ìyá Ìbítóyè padà wá, òun nìkan. Ó jókòó.

"Irun tèmi náà gùn dé ibí yìí," ó ní, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. "Ọkọ mi kì í yé yìn ín. Nígbà tó kú, tí wọ́n fẹ́ fá a, mo bẹ̀ wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fá a náà ni."

Jùmọ̀kẹ́ bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Ni Ìyá Ìbítóyè bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa Adó àtijọ́, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ lọ́nà àdúgbò Adébáyọ̀, tí àwọn ọmọge jọ ń ṣẹ́gi níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bọ̀ wálé. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò tètè lọ lọ́jọ́ náà.