Igi Wátùlù Ẹ̀gbẹ́ Oko Dulcie

Ká má tan ara wa: Dulcie fúnra rẹ̀ ló pa igi náà, ìfẹ́ ló sì fi pa á. Ó ń ru ìgbẹ́ adìẹ ní garawa-garawa, ó ń dà á sídìí igi wátùlù tó dúró láàárín oko àlìkámà rẹ̀ àti títì, ó ń wí pé, "Jẹun, ọmọ mi, o ti rù jù." Gbogbo ará abúlé ló mọ̀ pé ilẹ̀ iyanrìn tí kò lọ́ràá rárá ni igi náà fẹ́. Dulcie náà mọ̀ ọ́n. Àánú ni kò jẹ́ kó rántí. Kí Kérésì tó dé, igi ti gbẹ kangbe.

Bó bá jẹ́ igi lásán ni, à bá rẹ́rìn-ín ká máa lọ. Ṣùgbọ́n irú wátùlù yẹn kò sí níbòmíràn mọ́ lágbègbè wọn. Oko àlìkámà ti gbé igbó mì tán. Ilẹ̀ tín-ín-rín ẹ̀bá títì yẹn nìkan ló kù fún un.

"Ṣé ó ti parí náà nìyẹn?" Dulcie bi Verna, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge, àgbà obìnrin ẹ̀yà Noongar, ọmọ àwọn tó ni ilẹ̀ kí oko tó dé.

Verna fi bàtà tẹ ilẹ̀. "Ìyá ló kú. Àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn kóró tó ti já bọ́, ń sùn nísàlẹ̀ níbí. Iná ló ń jí wọn."

Iná! Iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó ilé Dulcie rí. Títí dòní, bó bá gbóòórùn èéfín, ìtọ̀ a fẹ́ bọ́ lára rẹ̀.

"Verna, n ò lè tanná sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko mi."

"Ta ló ní kí o tanná? Ìwọ tó o dín sọ́sééjì tí ajá kọ̀ ọ́? Èmi ni màá tàn án. Ìwọ ṣáà gbà."

Dulcie rò ó títí. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rin ilẹ̀ tán, ó gbà.

Àwọn panápaná abúlé dúró tì wọ́n pẹ̀lú ọkọ̀ omi. Verna tan iná kékeré, iná tí alángbá lè rìn jẹ́jẹ́ kúrò níwájú rẹ̀. Iná náà rápálá lọ láàárín koríko, ó sì kú fúnra rẹ̀. Dulcie, tó di rọ́bà omi mú bí ẹni di ọmọ mú, kò tíì mí.

Òjò tún rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn méjèèjì sì padà síbẹ̀. Dulcie bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́, ó rí ewé wẹ́wẹ́ kan bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ewé wátùlù tí ó mọ̀ le, ó sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́. "Èpò!" ló wí, ó sì gbá a mú láti fà á tu.

"Yọwọ́ níbẹ̀!" Verna ké. "Òun náà nìyẹn! Ewé ìgbà ọmọdé rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí ìwọ, ṣé irùngbọ̀n ti wà lágbọ̀n rẹ?"

Dulcie rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìdí ńlá jókòó sínú eérú. Ó wo ewé náà pẹ́, kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Verna jókòó tì í. "Á pẹ́ kó tó yọ òdòdó. Dulcie, nínú àwa arúgbó méjèèjì, ta ni yóò rí i?"