Omi Àìfọhùn láti Òkè Ìrètí

Nígbà náà, Alàgbà Bámgbóyè ṣì wà láyé, òun tí orin rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ìlú. Bàbá Ayọ̀rìndé télọ̀ wà, òun ló rán aṣọ funfun tí gbogbo wọn ń wọ̀, ó sì máa ń rán àpò kékeré mọ́ ti àwọn ọmọdé nítorí ẹ̀pà. Ìyá Fúnkẹ́mi wà, tó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá ń ro ó, àwọn ẹlòmíràn ló máa ń bú. Wòlíì àgbà tó dá ìrìn àdúrà lọ sí Òkè Ìrètí sílẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbé e sí, ọkùnrin méjì á máa tì í gun òkè, wọ́n á sì máa fà á sẹ́yìn bí ọ̀nà bá dà gẹ̀rẹ́. Ogójì ènìyàn ni wọ́n máa ń jẹ́, ìgbà mìíràn wà tí wọ́n pé àádọ́ta. Ní oṣù kejì ọdún, wọ́n á kúrò ní Adó ní ìdájí, lẹ́sẹ̀ lásán, wọ́n á gba Ìyìn, wọ́n á sùn ní Ìgèdè, ní ọjọ́ kejì wọ́n á dé Òkè Ìrètí lẹ́yìn Àrámọkọ. Kì í ṣe títì ọ̀dà ni wọ́n ń gbà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ ni, tó ń wọ inú oko kòkó jáde sí oko iṣu, tó ń yí àpáta ká.

Ikú ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí obìnrin ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn tí ikú kò tíì mú, orúnkún mú wọn. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì ra bọ́ọ̀sì. Ìrìn ọjọ́ méjì di ìrìn wákàtí kan. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹ ìrẹsì nínú ike, wọ́n á sì ti padà délé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni méjì péré ló kù tó ń fẹsẹ̀ rìn: Abọ́sẹ̀dé tó ń gbé ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, àti Rẹ̀mílẹ́kún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní àdúgbò Baṣírì. Láti ìgbà ọmọge ni wọ́n ti jọ ń rìn ín. Arúgbó ni àwọn méjèèjì báyìí, opó ni wọ́n, ẹni tó bá sì rí ọ̀kan yóò béèrè èkejì.

Ọdún yìí ni Rẹ̀mí kò lè dìde. Ikùn ló ń ṣe é. Láti oṣù kẹwàá ló ti ń rù, ọrùn rẹ̀ wá rí tín-ín-rín bí ọwọ́ ọmọdé. Dókítà pe àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí wọ́n máa gbé ìyá wọn lọ sílé, kí wọ́n máa fún un ní ohun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́. Abọ́sẹ̀dé gbọ́, kò sunkún. Ó ní òun yóò lọ pọn omi àìfọhùn wá fún un.

Abẹ́ Òkè Ìrètí ni omi náà ti ń sun, láàrin àpáta méjì. Aláìsàn ni wọ́n ń pọn ọ́n fún. Ìdájí ni wọ́n ń pọn ọ́n, kí ènìyàn tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì ti gbé e karí, kò gbọdọ̀ fọhùn títí yóò fi sọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Kò gbọdọ̀ gbé e kalẹ̀ lójú ọ̀nà, kò gbọdọ̀ gbé e wọ mọ́tò. Yóò so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ọrùn ọwọ́, kí àwọn tó bá pàdé lè mọ̀ pé kì í ṣe ìgbéraga ni kò jẹ́ kó kí wọn. Bí ó bá fọhùn, ìbáà ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, omi lásán ló gbé wálé.

Olùṣọ́àgùntàn Olúwaṣeun, ọmọ tí Abọ́sẹ̀dé pọ̀n rí, wá bẹ̀ ẹ́ nílé.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà oko yẹn kò dára mọ́. Ọlọ́run tó ń gbọ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ náà ló ń gbọ́ ti oníbọ́ọ̀sì.”

“Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́, ọmọ mi. Èmi ni n kò ní mọ̀ pé mo bẹ̀ ẹ́.”

Rẹ̀mí fúnra rẹ̀, lórí ibùsùn, ńṣe ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Ìwọ! Kí o má fọhùn fún ọjọ́ méjì? Ìwọ tó ń bá ewúrẹ́ ṣe àròyé? Àwọn áńgẹ́lì á wá wòran.”

“Pa ẹnu rẹ dé, kí o sinmi.”

“Bí mo bá pa á dé tán, ìgbà náà lo máa mọ̀.”

Báyìí ni Abọ́sẹ̀dé ṣe dá gbéra. Ó gba oríta Fájuyì kọjá kí àwọn ọlọ́kadà tó jí, ó gbé kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún òfìfo dání, ó fi òṣùká sínú àpò pẹ̀lú búrẹ́dì àti fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì tí ọmọ rẹ̀ rà fún un. Nígbà tó wọ ọ̀nà oko, ó dá orin. Orin tí wọ́n máa ń kọ lọ ni, ẹnì kan á dá a, àwọn tó kù á gbè é. Ó dá a tán, ó dúró de elégbè. Ẹyẹ kan ké lórí igi ọsàn. Òun fúnra rẹ̀ gbè é, ohùn náà rí bí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan pàtẹ́wọ́. Ó dákẹ́.

Igbó ti bo ọ̀nà. Ní ibì kan, wọ́n ti mọ ògiri búlọ́ọ̀kù dí i, ó sì ní láti yí i ká nínú ẹ̀gún. Ahéré tí wọ́n ti máa ń sun iṣu jẹ ti wó, igi ìṣáná ti hù láàrin rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á ti máa jà lórí ta ni yóò jẹ orí iṣu. Ó jókòó, ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá a dù ú.

Nígbà tó fi dé Òkè Ìrètí ní ọjọ́ kejì, àwọn oníbọ́ọ̀sì ti gbàdúrà tán, wọ́n ti lọ. Ike ìrẹsì ni afẹ́fẹ́ ń gbá kiri. Ó kúnlẹ̀ ní òun nìkan, ó pe orúkọ Rẹ̀mílẹ́kún títí orúnkún rẹ̀ fi kú. Ní ìdájí, ó pọn omi, ó so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ọwọ́, ó gbé e karí, ó pa ẹnu dé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ní Ìgèdè, Adédoyin olùkọ́, ẹni tí ìyá rẹ̀ ti máa ń gba àwọn arìnrìnàjò sílé láti ìgbà pípẹ́, rí imọ̀ ọ̀pẹ, kò bi í ní nǹkan kan. Ó gba kẹ́ẹ̀gì lórí rẹ̀, ó fi kọ́ èèkàn ara ògiri, ó gbé oúnjẹ fún un, ó sì jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀, ó bá a gbé e padà karí.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò mọ ohun tí imọ̀ ọ̀pẹ ń sọ. Níbi tí ọ̀nà oko ti ré títì kọjá, ọlọ́kadà kan dúró.

“Màmá, ẹ káàárọ̀. Ẹ gun ẹ̀yìn, mo ń lọ sí Ìyìn, n ò ní gba nǹkan kan.”

Abọ́sẹ̀dé ju ọwọ́ sí i, ó ń lọ.

“Màmá! Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o! Ẹ wò ó, ẹni tí ènìyàn fẹ́ ṣe lóore ló ń ju ọwọ́ bí ẹni lé adìyẹ. Ẹ máa rìn nígbà yẹn!” Ó fọn fèrè, ó lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni fóònù dún nínú àpò rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé kò mọ ìwé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń gbé e. Ó ro ó. Wọ́n ní kí ènìyàn má fọhùn, wọn kò ní kó má gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí.

“Bọ́sẹ̀, èmi ni.” Ohùn Rẹ̀mí ni, ó rẹlẹ̀. “Oore-ọ̀fẹ́ ọmọ ọmọ mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Má sọ̀rọ̀ o! Òní ni mo rí ọ mú. Láti ọmọge ni mo ti ń wá ọjọ́ tí n ó sọ̀rọ̀ tí o kò ní já lu ọ̀rọ̀ mi.”

Abọ́sẹ̀dé fi imú rẹ́rìn-ín.

“Ṣé o ti kọjá ibi àpáta tí Ìyá Fúnkẹ́mi ti ṣubú, tó ní àwa la tì í? Bí o bá ti kọjá ibẹ̀, fi èékánná kan fóònù.”

Ó kàn án.

“Ẹsẹ̀ arúgbó yìí mà le o.” Rẹ̀mí fa èémí kan. “Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Láti ọdún yẹn ni mo ti fẹ́ bi ọ́. Ọ̀rọ̀ Ìbùkún ni.”

Abọ́sẹ̀dé dúró gbọnin lójú ọ̀nà.

Ìbùkúnolúwa ni ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó lé ní ogójì ọdún tó ti kú, ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ibà mú un ní ọdún náà, kò lọ, Abọ́sẹ̀dé sì lọ pọn omi àìfọhùn. Rẹ̀mí kò ru omi lọ́dún náà, ẹnu rẹ̀ tú sílẹ̀, eré ló sì ń ṣe kiri bó ṣe máa ń ṣe. Ó sá pamọ́ sẹ́yìn igi kòkó kan, ó fò jáde lójijì sí Abọ́sẹ̀dé, ó ní “Háà!” Abọ́sẹ̀dé figbe ta: “Yéè! Rẹ̀mí!” Alàgbà Bámgbóyè mi orí, ó tú imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n padà délé ni ọmọ náà kú. Níbi ìsìnkú, Rẹ̀mí ń yí nílẹ̀ ju ìyá ọmọ lọ. Láti ọjọ́ náà, wọ́n jọ jẹ, wọ́n jọ mu, wọ́n jọ sin ọkọ, wọ́n jọ rin ọ̀nà yìí lọ́dọọdún, ẹnì kankan nínú wọn kò mú ọ̀rọ̀ náà bọ ẹnu.

“Ṣé o dì í sínú sí mi, Bọ́sẹ̀? Má dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé o kò lè dá mi lóhùn, ìyẹn ni mo fi láyà láti bi ọ́. Mo kàn fẹ́ kó jáde lẹ́nu mi kí n tó máa lọ ni.”

Lẹ́yìn náà, kò sọ nǹkan mọ́. Kò sì pa fóònù. Èémí rẹ̀ ni Abọ́sẹ̀dé ń gbọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń fa igi gbígbẹ nílẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé dúró nínú oòrùn, omi lórí. Bí ó bá pa ẹnu dé, omi pé, bóyá Rẹ̀mí yóò mu ún kí ara rẹ̀ yá, wọn yóò wá jókòó sọ ọ́ lójúkojú. Bóyá ni. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èékánná lè sọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé èémí tó ń gbọ́ yìí kò ní dúró dè é dé Baṣírì ńkọ́? Rẹ̀mí yóò gbé ìbéèrè náà lọ, òun yóò sì gbé omi mímọ́ dé ọ̀dọ̀ òkú.

“Rẹ̀mí,” ó ní. Ohùn rẹ̀ ti ha. “Mo dì í sínú. Ọdún méje gbáko ni mo fi ń bá ọ rìn tí inú mi kò mọ́ sí ọ. Nígbà tó yá, mo wá a nínú mi, n kò rí i mọ́. Ìwọ nìkan ló kù láyé tó mọ bí ọmọ yẹn ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.”

Igbe bẹ́ nínú fóònù.

“Abọ́sẹ̀dé! O ti ba omi mi jẹ́!”

“Mo bà á jẹ́.”

“Arúgbó aláìnísùúrù! Ọjọ́ méjì péré! Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo ní ìwọ kọ́!” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ikọ́ gbà á. Nígbà tó rí èémí mí, ó ní: “O kò gbọdọ̀ tìtorí omi padà síbẹ̀ o. Máa bọ̀ l'ulé, Bọ́sẹ̀. Jọ̀ọ́, máa bọ̀ l'ulé.”

Abọ́sẹ̀dé sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ sórí ilẹ̀, ó tú imọ̀ ọ̀pẹ. Ó wo omi náà, kò lè dà á nù. Ó jáde sí títì, ọ̀kadà tó kọ́kọ́ kọjá ló dá dúró, ó sì gùn ún, ohun tí kò ṣe rí lójú ọ̀nà yẹn láti ọmọge. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó di kẹ́ẹ̀gì mú láyà, Ìyìn kọjá lójú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń tú ewé ìwé.

Rẹ̀mí jókòó dè é, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn.

“Bù ú fún mi.”

“Omi lásán ni o.”

“Òǹgbẹ lásán náà ló ń gbẹ mí.”

Ó mu ìdajì ife. Ó ní kí Oore-ọ̀fẹ́ fi ìyókù po ògì. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ Ìbùkún títí di ìrọ̀lẹ́, bó ṣe máa ń pe Adó ní Alo, bó ṣe máa ń kó gbogbo bàtà ilé sí abẹ́ ibùsùn. Ogójì ọdún ni Abọ́sẹ̀dé kò ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹlòmíràn.

Rẹ̀mí lo ọjọ́ mọ́kànlá sí i. Bóyá ì bá lo jù bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá kò ní tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá náà, ó ní kí Abọ́sẹ̀dé bá òun dirun, pé àwọn ọmọ òun ń bọ̀ láti Èkó, òun kò fẹ́ kí wọ́n bá òun bí adìyẹ tí òjò pa. Abọ́sẹ̀dé jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí ibùsùn, ó gbé e ti àyà. Irun náà funfun, ó fẹ́lẹ́. Ó di ìlà kan, ó di ìkejì.

“O ń fà á le jù,” Rẹ̀mí ní.

Ó dẹ̀ ẹ́. Ó di ìkẹta. Ní ìkẹrin, orí náà wúwo lé e lọ́wọ́. Ó pe Rẹ̀mí lẹ́ẹ̀mejì. Oore-ọ̀fẹ́ ń fọ aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé, kò gbọ́, Abọ́sẹ̀dé kò sì tíì pariwo pè é. Ìlà mẹ́ta ló kù. Ó dì í tán.