Iṣu Abijan

Bàbá Sùlè ṣì wà láyé nígbà náà, ìyá wa náà ṣì wà. Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé. Nílé wa ní Idigny, ẹnikẹ́ni kì í fi iṣu tuntun kan ẹnu àfi tí Bàbá Sùlè, àgbà ilé, bá ti bù fún àwọn tó ti ṣáájú lọ.

Barnabé, àkọ́bí ìyá wa, ló lọ ṣiṣẹ́ ní Abijan. Kó tó wọ ọkọ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ ojú oórì bàbá wa, ó ní òun ò ní jẹ iṣu tuntun lọ́hùn-ún àfi tí òun bá gbọ́ pé ilé ti jẹ.

Inú ìyá wa dùn. "Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi náà ò ní jẹ, àfi tí o bá ránṣẹ́ pé o ti jẹ tìrẹ."

Lọ́dọọdún, àwọn awakọ̀ á gbé ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Lọ́dún kan, òjò ba ọ̀nà jẹ́, iṣẹ́ Barnabé kò dé. Gbogbo ilé ń gúnyán. Ìyá wa ń jẹ ẹ̀kọ títí ọdún ìbí Jésù fi dé. Ó rù. Tí a bá bẹ̀ ẹ́, á ní, "Ọmọ mi ń fara dà á lọ́hùn-ún. Èmi tí mo bí i ńkọ́?"

Ọdún iṣu ku díẹ̀ nígbà tí Solange, ìyàwó Barnabé, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó pọn ọmọ, ó ru àpò kan. Ará Pobè ni àwọn òbí rẹ̀, Abijan ni wọ́n bí i sí. Ó kúnlẹ̀, ó tú àpò náà síwájú ìyá wa. Iṣu tuntun ni.

"Ìyá, Barnabé ní kí n kó o wá fún yín."

Bàbá Sùlè fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. Ìyá wa rọra bi í pé, "Ìyàwó mi, ẹ ti ń jẹ ẹ́?"

"Háà, Ìyá! Láti ọjọ́ ọdún òmìnira àwọn ará Abijan ni. Ọ̀gá Barnabé pe gbogbo wa, wọ́n gún fútù, iyán ibẹ̀ nìyẹn. Barnabé ló kọ́kọ́ bù ú! Ọdọọdún ni." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ní ẹ̀yin ará oko, òkú lẹ máa ń dúró dè kẹ́ ẹ tó jẹun."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá wa gba ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n. Kò bínú sí Solange. Ta ló sọ àdéhùn wọn fún un?

Nígbà tí ọdún iṣu dé, wọ́n bù fún ìyá wa, ó jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa, kò dúró de iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ó ti gbé e kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ orúkọ Barnabé lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Bàbá Sùlè lóṣòó létí ẹní rẹ̀. "Ìyàwó, ṣé ká ránṣẹ́ pe àkọ́bí rẹ?"

Ó kọjú sí ògiri.

"Ẹ jẹ́ kó jẹun tán."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló kú.